Fọ́tò àtijọ́ Apapa Amusement Park ti lẹ̀ mọ́ álúbọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń yọ ọ́ tí kò fi ní ya? Àwọ̀ rẹ̀ náà ti pọ́n.

— Ẹ má fà á o! Òwú tí wọ́n fi ń yọ ẹran láàárín eyín ni kẹ́ ẹ kì bọ abẹ́ igun kan, kẹ́ ẹ máa fà á síwá-sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Tó bá jẹ́ gíláàsì férémù ló lẹ̀ mọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ síkáànù ẹ̀ tòun ti gíláàsì.

— Ẹ síkáànù ẹ̀ ní 600 dpi (iye písẹ̀lì, ìyẹn àmì kéékèèké, nínú ínṣì kan), kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ bíi TIFF, irú fáìlì àwòrán kan. Fọ́tò 4×6 ínṣì á fún yín ní 2400×3600 písẹ̀lì. Ó pọ́n torí pé aró cyan (búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé) ti ṣá. Síkáànà tó ní “colour restoration” (ètò tó ń dá àwọ̀ padà) lè tún un ṣe díẹ̀.

— Ṣé négátíìfù (fíìmù tí wọ́n fi fọ fọ́tò náà) wà? Ìyẹn ló dáa jù láti síkáànù, ní 3200 dpi. Ẹ má sì dá fọ́tò padà sínú álúbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù yẹn, pàápàá nínú ọ̀rinrin Èkó yìí.