Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi: wíwọn àpá inú iṣan ọkàn pẹ̀lú MRI

Ẹ ṣé tí ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo bá wá ni pé, bí mo bá wọn àpá lórí àwòrán ọkàn kan náà tí MRI (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara) yà lẹ́ẹ̀mejì, èsì méjèèjì kì í bára mu.

Ìmọ̀ràn tó yanjú rẹ̀ ni pé kí n yé fi iṣan tó dá ṣáṣá ṣe òṣùwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá sún àmì tí mo fà sórí iṣan yẹn díẹ̀ báyìí, iye àpá á ti yí padà. Ní báyìí, ojú ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú àpá gan-an ni mò ń wò. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá tó ìdajì ti ibi tó mọ́lẹ̀ jù yẹn sókè ni mò ń kà sí àpá. Mo wọn àwòrán kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta: gíráàmù 18, 18, 19. Inú mi dùn gan-an!

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Nínú àwòrán kan, àárín àpá dúdú bí èédú, nítorí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó ibẹ̀ ti dí, gadolinium, oògùn tí wọ́n ń fún sínú ẹ̀jẹ̀ kí àpá lè mọ́lẹ̀ nínú àwòrán, kò ráyè wọlé. Kọ̀ǹpútà fo ibẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi fà á mọ́ àpá.

Ìmọ̀ràn lórí àkókò TI (ìyẹn ìgbà tí ẹ̀rọ fi ń dúró lẹ́yìn ìgbì rédíò àkọ́kọ́ kó tó ya àwòrán) ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Bí gadolinium ṣe ń ṣàn kúrò ni TI gbọ́dọ̀ máa gùn sí i, kí iṣan tó dá ṣáṣá lè dúdú dáadáa. Àwòrán tuntun ti dára, ti àtẹ̀yìnwá kò ṣeé tún yà.

Àpá tó fọ́n ká gbogbo iṣan ló kù. Ọ̀nà ìdajì yìí kò bá a mu. T1 mapping, ìyẹn wíwọn bí iṣan ibi kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára padà sípò lẹ́yìn ìgbì rédíò MRI, ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ fún un.