Òtútù ń pa fóònù ní Edmonton, máòsì ń ṣe ségesège ní Ìkòròdú: báwo ni mo ṣe lè wo họ́kì ọmọ-ọmọ mi dé òpin?

Bàbá Àgbà Ìgbógbò

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilẹ̀ olótùútù rí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ilé mi sì wà ní Ìgbógbò, lẹ́bàá Ìkòròdú. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Edmonton, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gbá a. Ìta gbangba ni pápá náà wà. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń fi rọ́bà gígùn tú omi sí i lóru, omi náà á sì ti di yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ti dúró létí pápá yẹn rí. Ní oṣù kìíní ọdún tí mo lọ kí wọn, òtútù ọjọ́ náà wà ní ìwọ̀n 22 nísàlẹ̀ òdo. Mo ti rò pé ọyẹ́ ti kọ́ mi ní òtútù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí rárá. Irun imú mi dì gan-an bí abẹ́rẹ́, omi tó jáde lójú mi dì mọ́ ìpéǹpéjú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì ti kú tipiri kí eré náà tó dé ìdajì. Síbẹ̀, n kò lè gbàgbé ìró ibẹ̀: bí irin abẹ́ bàtà àwọn ọmọ náà ṣe ń ha yìnyín, àti bí rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá ṣe ń dún gbàmù lára pákó tó yí pápá ká, tí afẹ́fẹ́ tútù sì ń gbé ìró náà lọ jìnnà. Nígbẹ̀yìn, inú ilé ni wọ́n mú mi wọ̀. Ẹ̀yìn tí mo wọlé ni ọmọ náà gbá góòlù kan sáwọ̀n. N kò rí i.

Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin mi ti ń fi fóònù rẹ̀ pè mí lórí fídíò ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní agogo 11 òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí í ṣe agogo 7 alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Fóònù náà a máa kú lójijì nígbà tó ṣì ń sọ pé bátìrì ku ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, a sì tún tàn padà bí wọ́n bá ti délé tí ara rẹ̀ móoru. Èyí nìkan kọ́, nítorí àwọn ohun tí mo so mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi náà kò jẹ́ kí n gbádùn ìwọ̀nba tí mo ń rí.

Mo ra ohun ìsopọ̀ olójú mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní hub. Ara rẹ̀ ni mo so kámẹ́rà mọ́, àti kíbọ́ọ̀dù, àti àpótí ìpamọ́ tí mo ń gba eré náà sí, àti ohun kékeré bí èékánná tí ó ń bá máòsì aláìlówáyà ṣiṣẹ́. Máòsì náà a máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, a sì máa dúró gbagidi, pàápàá nígbà tí mo bá ń gba eré pamọ́. Kámẹ́rà a máa já bí iná ọba bá lọ. Íapíìsì Bluetooth tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ ń dún ketekete bí mo bá fi ń gbọ́ orin, ṣùgbọ́n bí ìpè bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn gbogbo a dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú páìpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti ra wáyà tó yẹ kí ó gbé àwòrán láti ojú USB-C lọ sórí tẹlifíṣàn, tí tẹlifíṣàn kò fi nǹkan kan hàn. Ẹni tó tà á fún mi ní kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì kò pọ̀ débi pé kí n tún ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Sábó

Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Sábó, Ìkòròdú, mo sì ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn oníbàárà mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kò ṣe ohun tí kò tọ́, n kò sì gbà pé kọ̀ǹpútà yín bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí máòsì bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń jù nù jù láìjẹ̀bi. Orí ìgbì rédíò 2.4 GHz ni máòsì aláìlówáyà àti ohun kékeré yẹn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àpótí ìpamọ́ tó ń lo USB 3.0, èyí tí ike inú ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, a máa tú ariwo sáfẹ́fẹ́ ní sàkání ìgbì kan náà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Intel fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2012. Ìdí nìyẹn tí máòsì yín fi ń ṣe ségesège gan-an ní àkókò tí ẹ bá ń gba eré pamọ́, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá gbà á. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí yín létí, tí ẹlòmíràn sì ń lu agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ohun kékeré náà kúrò lára hub, ẹ ra wáyà ìfàgùn USB tí kò ju gígùn apá kan lọ, kí ẹ fi gbé e jìnnà sí àpótí ìpamọ́, kí ó sì sún mọ́ máòsì. Owó wáyà yẹn kò tó owó máòsì tuntun rárá. Bí tábìlì yín bá sì jẹ́ onígíláàsì, ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ máòsì, nítorí iná abẹ́ máòsì kì í ríran dáadáa lórí gíláàsì tó mọ́ gaara.

Ní ti hub, ojú USB 2.0 kan kì í fúnni ní iná tó ju 0.5 ampere lọ, ti USB 3.0 kò sì ju 0.9 lọ, ìwọ̀nba yìí ni gbogbo ohun mẹ́rin tí ẹ so mọ́ ọn sì ń pín jẹ. Àpótí ìpamọ́ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jẹ ẹ́ tán. Ẹ so òun mọ́ ara kọ̀ǹpútà tààrà, tàbí kí ẹ wá hub tí ó ní ṣájà tirẹ̀. Nígbà tí iná bá sì lọ tí kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bátìrì, Windows a máa pa àwọn ojú USB kan láti fi agbára bátìrì pamọ́. Ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá USB Root Hub, ẹ ṣí Power Management, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú ìlà tó fún kọ̀ǹpútà láyè láti pa á.

Íapíìsì Bluetooth yín kò lè gbé ohùn dídára wá sí etí yín kí ó sì tún máa gbé ohùn yín jáde. Bí ìpè bá ti ní kí ó gba ohùn yín, a bọ́ sí ọ̀nà tóóró tí a là fún ìpè, gbogbo ohùn a sì fún pọ̀. Nínú ètò ohùn, ẹ yan máìkì ara kọ̀ǹpútà láti máa gba ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ fi Bluetooth sílẹ̀ fún gbígbọ́ nìkan.

Ó kù sórí wáyà tẹlifíṣàn. Gbogbo ojú USB-C jọra, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé àwòrán; òmíràn wà tí kò mọ̀ ju iná àti fáìlì lọ, kò sì sí wáyà tí a lè rà tí yóò sọ ọ́ di èyí tó ń gbé àwòrán. Èyí tó ń gbé e sábà máa ń ní àmì mànàmáná tàbí àmì DisplayPort lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ etí kọ̀ǹpútà yín wò, bóyá ojú HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sórí tẹlifíṣàn, wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, wáyà HDMI lásán ti tó. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tajà náà dùn mí púpọ̀. Ó yẹ kí ó béèrè irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní kí ó tó gba owó yín lẹ́ẹ̀kìíní, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Àgbádárìgì

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, Bàbá. Mo gbé ní Calgary fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó padà wálé sí Àgbádárìgì, nítorí náà ohun tí ẹ sọ nípa ìpéǹpéjú yé mi dáadáa.

Mo wà ní pápá McMahon ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2011, nígbà tí ẹgbẹ́ họ́kì Calgary Flames gba Montreal Canadiens lálejò ní gbangba, tí wọ́n sì fi àmì ayò 4 sí 0 nà wọ́n. Èrò tó wà níbẹ̀ jẹ́ 41,022. Jarome Iginla ni balógun ẹgbẹ́ Flames nígbà náà. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Edmonton yẹn gan-an ni wọ́n sì bí i sí, Adékúnlé wà lára àwọn orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó tí wọ́n wọ ẹ̀wù tí a kọ Igi Ńlá sí lẹ́yìn, mo gbàgbé òtútù fún ìgbà díẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni o, nítorí ẹsẹ̀ mi kò gbàgbé.

Ilẹ̀ kankéré ló ń fa ooru kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ tẹ́ páálí tàbí fóòmù sílẹ̀ kí ẹ dúró lé e lórí. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ti òwú, nítorí òwú a máa mu òógùn, òógùn náà a sì wá di òtútù. Ẹ má sì wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tí yóò mú kí bàtà fún yín lẹ́sẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn. Àwọn àpò kékeré kan tún wà tí a ń fi sínú ìbọ̀wọ́: lẹ́búlẹ́bú irin ló wà nínú wọn, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kàn án, a bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ìdípẹtà náà ló ń mú ooru jáde.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni òtútù Edmonton bá jà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2003, ní pápá Commonwealth níbẹ̀, ènìyàn 57,167 jókòó sínú òtútù tó sún mọ́ ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo láti wo Oilers, ẹgbẹ́ họ́kì Edmonton, àti Canadiens, José Théodore tó ń ṣọ́ ilé fún Montreal sì dé fìlà olówùú lé orí akoto rẹ̀. Ní Minneapolis, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gbá họ́kì ní gbangba ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022, òtútù dé ìwọ̀n 21 nísàlẹ̀ òdo, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti máa mú yìnyín fúnra rẹ̀ móoru díẹ̀ kí ó má bàa máa fọ́.

Bátìrì fóònù ọmọ yín kò tán rárá nígbà tó kú. Nínú bátìrì lithium, òtútù a máa fa ẹsẹ̀ àwọn ohun tó ń gbé iná kiri sẹ́yìn, agbára tí bátìrì ń tì jáde a wá sílẹ̀ lójijì, fóònù a sì pa ara rẹ̀ bí ẹni pé bátìrì ti gbẹ. Apple kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín ìwọ̀n òdo sí 35 ni kí a ti máa lo iPhone, ìwọ̀n 22 nísàlẹ̀ òdo sì jìnnà sí ìyẹn. Kí ó fi fóònù sí àpò inú, nítòsí àyà, títí eré yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí wọ́n lo fóònù méjì, kí ọ̀kan máa yáná lápò nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ wọn nígbà ìsinmi. Kí ó má gba iná sí fóònù tó ti tutù bẹ́ẹ̀, nítorí gbígba iná nísàlẹ̀ òdo a máa ba bátìrì lithium jẹ́ láìlè túnṣe. Kí wọ́n sì wé e sínú ọ̀rá kí wọ́n tó wọlé, kí ó lè móoru díẹ̀díẹ̀. Bí ìgò tí a gbé jáde látinú fíríìjì ṣe ń làágùn, bẹ́ẹ̀ ni fóònù tutù ń làágùn nínú ilé tó móoru.

Ìyá Onífótò, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Bí kíbọ́ọ̀dù yín bá ń lo bátìrì ẹlẹ́yọ, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ wò. Létí ọ̀sà níhìn-ín, mo ti pàdánù ohun èlò mẹ́ta nítorí bátìrì tí mo gbàgbé sínú wọn, tó jò, tó sì fi ẹ̀fun funfun bo irin. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ fi òwú tó ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ nu irin náà, kí ẹ tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ délẹ̀délẹ̀ kí ẹ tó fi bátìrì tuntun sí i. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀fun náà, nítorí a máa jó ni lára.

Bàbá Àgbà Ìgbógbò

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo sì rí i pé ó yẹ kí n wá jíṣẹ́.

Wáyà ìfàgùn ni mo kọ́kọ́ rà, máòsì sì jókòó jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ náà. Ojú HDMI wà lára kọ̀ǹpútà mi lóòótọ́. Ìwé àlẹ̀mọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ nígbà tí mo rà á ló bò ó, n kò sì ṣí i rí. Ìyá Ẹ̀pẹ́, mo rí ẹ̀fun náà nínú kíbọ́ọ̀dù, kò tíì jẹ irin jìnnà.

Mo ka ọ̀rọ̀ òtútù sí ọmọbìnrin mi létí lórí fóònù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, òtútù wọn jẹ́ ìwọ̀n 17 nísàlẹ̀ òdo, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń pààrọ̀ fóònù méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iná ọba lọ lọ́dọ̀ wa lágbedeméjì, kámẹ́rà kò já. Wọ́n fi àmì ayò 5 sí 3 na ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ mi, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí eré parí, ó sáré wá síwájú fóònù, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín, ó sì bi mí pé, “Bàbá àgbà, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dún lára pákó kí ó tó wọlé?” Mo gbọ́ ọ.