Orúkọ tí ó yẹ ojú oórì ọmọ ogun tí a kò dá mọ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni ohun tí a ó máa pe ibojì tí orílẹ̀-èdè kan gbẹ́ fún ẹni tí ó bógun lọ, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ẹni tí í ṣe. Orúkọ mẹ́ta ni ẹ ti gbé kalẹ̀: "Ibojì Sójà Àìmọ̀", "Ibojì Jagunjagun Aláìlórúkọ" àti "Isà Òkú Ọmọ Ogun Tí A Kò Mọ̀". N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn bí ó ti wà, ìtàn ibojì náà fúnra rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Ní ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, David Railton, àlùfáà tí ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Faransé, rí sàréè kan ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan nítòsí Armentières. Àgbélébùú onígi ni wọ́n rì mọ́ ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì lásán ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sára igi náà pé ọmọ ogun Bìrìtìkó kan ni, àwọn kò mọ ẹni tí í ṣe. Ohun tí ó rí yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ó di 1920, ó kọ̀wé sí Herbert Ryle, olórí àwọn àlùfáà Westminster Abbey, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì sí ní London, pé kí wọ́n gbé irú òkú bẹ́ẹ̀ kan wá sílé. Wọ́n hú òkú mélòó kan ní ojú ogun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀gágun Wyatt yan ọ̀kan, ọkọ̀ ogun tí ń jẹ́ Verdun gbé e sọdá òkun, wọ́n sì sin ín sí Westminster Abbey ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ọdún 1920. Ọba George Karùn-ún ni ó da iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Faransé lé pósí náà lórí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn Faransé gbé tiwọn dé Arc de Triomphe, ẹnubodè ìrántí ìṣẹ́gun ní Paris.

Ẹ jẹ́ kí n mú "àìmọ̀" kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú èdè wa, àìmọ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò mọ nǹkan: bí a bá ní ẹnìkan ṣẹ̀ ní àìmọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀. Ọmọ ogun àìmọ̀ yóò wá dà bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó gbé òun dé ojú ogun. Èyí tí ó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Bí àmì bá ti kúrò, kí ni ẹni tí ń ka Bíbélì lójoojúmọ́ yóò kà bí kò ṣe "àìmọ́", bíi ti ẹ̀mí àìmọ́? A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn kan òkú tí wọ́n sin sáàárín àwọn ọba.

"Aláìlórúkọ" kò dára tó bẹ́ẹ̀ náà. Ọkùnrin yìí lórúkọ, ìyá rẹ̀ mọ orúkọ náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó ṣì máa pè é lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó kọ̀wé sára igi ní Armentières mọ èyí, kò sọ pé òkú náà kò lórúkọ.

Ní ti "jagunjagun", mo mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ yan "Warrior", ọ̀rọ̀ tí ó gba ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú pọ̀. Ṣùgbọ́n "ọmọ ogun" ti gba gbogbo wọn tẹ́lẹ̀ ní ẹnu wa. Jagunjagun létí Yorùbá ni Ògúnmọ́lá, ni Ògèdèǹgbé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń dún ṣáájú ẹṣin rẹ̀, tí ó sì ní oríkì. "Sójà" ní tirẹ̀ ti ru ẹrù mìíràn ní Nàìjíríà: lẹ́yìn tí wọ́n dáná sun ilé Fẹlá ní Èkó ní 1977, àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe ìwádìí sọ pé sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é, láti ìgbà náà ni gbólóhùn yẹn ti ń rùn létí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Dípò isà òkú, ojú oórì ni mo fẹ́. Ihò ni isà. Ojú oórì ni ibi tí ọmọ ti ń lọ bá òkú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sì gbẹ́ ibojì yìí fún nìyẹn, kí ìyá tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀ lè dúró níbẹ̀ kí ó ní bóyá tèmi ni. Nígbà tí Elizabeth Bowes-Lyon, tí ó padà di ayaba, ń lọ ṣe ìgbéyàwó ní 1923, ó fi òdòdó ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Fergus, ti kú sógun ní Loos ní 1915. Nítorí náà, n kò lè gbà pẹ̀lú ẹni tí ó fi Sójà Ìdúmọ̀tà ṣe àpẹẹrẹ. Ère ni ìyẹn, ìrántí ni, kì í ṣe ojú oórì.

Orúkọ tí mo mú wá ni "Ojú Oórì Ọmọ Ogun Tí A Kò Dá Mọ̀". Ó gùn, ṣùgbọ́n èdè wa kò bẹ̀rù orúkọ tí ó jẹ́ odidi gbólóhùn, "a" tí ó wà nínú rẹ̀ sì fi àìmọ̀ náà sí ọrùn àwa alààyè. Mo fi "dá mọ̀" rọ́pò "mọ̀" nítorí pé ẹni tí a kò dá mọ̀ lónìí, a lè dá a mọ̀ lọ́la. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Arlington, itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Amẹ́ríkà. Ní 1998, wọ́n hú ẹni tí wọ́n sin gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí a kò dá mọ̀ láti ogun Vietnam, àyẹ̀wò DNA sì fi hàn pé Michael Blassie ni, awakọ̀ òfurufú tí ọkọ̀ rẹ̀ já ní 1972. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sin sí Missouri, ibẹ̀ sì ni ojú oórì rẹ̀ wà báyìí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára òkúta. Èyí tí ó ṣófo ní Arlington, wọn kò fi òkú mìíràn sí i mọ́. Ìrántí àwọn tí wọ́n ṣì ń wá ni wọ́n fi ṣe.