Kí n gba iṣẹ́ ni, àbí kí n lọ kọ́ ìgbẹ̀bí?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo kí yín o. Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, ni mò ń gbé. Mo ti parí ẹ̀kọ́ ọdún 3, mo sì ti yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìgbẹ̀bí ní Nàìjíríà.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bódìjà ti fún mi níṣẹ́. Owó oṣù wọn kò tó nǹkan (owó ọkọ̀ nìkan yóò jẹ nínú rẹ̀ dáadáa), ṣùgbọ́n láti ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ wa ti pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kó lè lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2, n kò sì fẹ́ kí ọjọ́ tí ọdún 2 yẹn yóò pé máa sún síwájú. Ìyá mi, tó ta elùbọ́ láti rán mi níwèé, ní kí n lọ kọ́ ìgbẹ̀bí fún oṣù 18, nítorí pé lójú tirẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kò lè gbẹ̀bí kò tíì kọ́ṣẹ́ tán.

Mo ti bi ọ̀gá méjì léèrè. Ọ̀kan ní kí n ṣiṣẹ́ ná. Èkejì ní ẹni tó bá ti fojú kan owó oṣù kì í fẹ́ padà sí kíláàsì mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, èwo ni kí n fi ṣáájú?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.