Ṣé ó tọ́ kí a máa fi ìbọn ẹlẹ́nu tóóró pa àgbọ̀nrín?

Ọmọ Ọdẹ béèrè:
Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo kí yín. Mo fẹ́ ra ìbọn tí n ó máa fi dọdẹ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí mo bi léèrè kò kò. Àwọn kan ní ìbọn .223 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó ní íǹṣì), tí ọta rẹ̀ kò fẹ̀ ju mílímítà 5.7 lọ, ti tó fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kí ọta bà. Àwọn mìíràn ní ìkà ni ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ lọ dọdẹ àgbọ̀nrín. Òfin pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan, nítorí pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà á ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Colorado, wọn kò gba ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò bá tó .24. Ohun tí òfin gbà kọ́ ni mo ń béèrè, ìyẹn wà nínú ìwé. Mo fẹ́ mọ ohun tó tọ́ kí ọdẹ ṣe fún ẹranko tó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀.

Alátọpa:
Bí ọta bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú àyà, ọpọlọ kò ní rí afẹ́fẹ́ tó tó mọ́, ẹranko náà yóò sì ṣubú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bó tilẹ̀ kọ́kọ́ sáré. Ọta .223 lè ṣe èyí, kí a má parọ́. Wàhálà wà nínú ọjọ́ tí ọta kò bá bà síbi tí a fojú sùn, torí pé àgbọ̀nrín lè gbé ẹsẹ̀ síwájú ní àkókò gan-an tí ìbọn ń dún, tàbí kí ọta kọ́kọ́ bá egungun èjìká pàdé. Ọta .223 tó wọn gíráàmù 3.6 ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú agbára joule bíi 1,700, nígbà tí ọta .308, tó fẹ̀ jù ú lọ, tó sì wọn gíráàmù 9.7, ń gbé nǹkan bíi joule 3,600 jáde. Èyí tó kéré lè má ráyè kọjá egungun yẹn dé ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ọta .223 tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún ẹranko kéékèèké, tí wọ́n sì máa ń fọ́ yángá ní kété tí wọ́n bá kan ẹran.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ta ìbọn kì í sọ: ọta kékeré sábà máa ń dúró sínú ẹran láì jáde lódìkejì. Ẹ̀jẹ̀ tí ọdẹ ìbá fi tọpa ẹran kò ní dà sílẹ̀ tó, ẹran náà yóò sì lọ kú sínú igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Ìfarabalẹ̀:
Òótọ́ ni Alátọpa sọ nípa egungun, ṣùgbọ́n ó fo ẹni tó gbé ìbọn dání. Ìbọn ńlá a máa gbá èjìká, ẹni tó bá sì ti ń bẹ̀rù rẹ̀ á di ojú, á sì já ìbọn kúrò lójú ọ̀nà kó tó dún. Àgbọ̀nrín tí ọta .308 bà níkùn á jìyà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, agbára ọta náà kò sì ní dín ìyà rẹ̀ kù. Èmi yóò gbà yín nímọ̀ràn .243, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1955: kì í gbáni púpọ̀, síbẹ̀ agbára rẹ̀ tó joule 2,600.

Àgbọ̀nrín pẹ̀lú kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Òfin England ti ọdún 1991 béèrè fún ẹnu ìbọn tó tó .240 àti agbára bíi joule 2,300, ṣùgbọ́n wọ́n dín in kù sí .220 àti joule bíi 1,350 fún muntjac, irú àgbọ̀nrín kan tó kéré gan-an lára. Mo rò pé ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ Igbó:
Ṣebí Bell, ọdẹ erin ará Scotland, fi ọta .275 pa ọ̀pọ̀ jù nínú erin rẹ̀ tó lé ní 1,000? Kí wá ni àgbọ̀nrín?

Alátọpa:
Àgbọ̀nrín èṣí lẹ ń jẹ lọ́bẹ̀. Bell kọ́ bí agbárí erin ṣe rí títí ó fi mọ ọ̀nà tí ọta lè gbà dé ọpọlọ láti ibi gbogbo, ọta líle tí kì í fọ́ ló sì ń lò. Ẹni tó bá ti kọ́ ara àgbọ̀nrín dé ibi tí Bell kọ́ orí erin dé kò ní wá bi wá léèrè.

Ọmọ Ọdẹ:
Ẹ ṣeun púpọ̀. .22 tí wọ́n fi ń pa ehoro ńkọ́? Ẹnìkan ní òun ń fi pa àgbọ̀nrín.

Ìfarabalẹ̀:
Rárá o. Agbára rẹ̀ lẹ́nu ìbọn kò ju nǹkan bíi joule 190 lọ, Texas tó gba .223 pàápàá kò gba èyí fún àgbọ̀nrín. Àwọn tó ń jí ẹran pa ló fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé kì í pariwo.

Bó bá jẹ́ .223 nìkan lẹ ní, tí òfin ibẹ̀ sì gbà á, ẹ wá ọta tí wọ́n fi bàbà nìkan ṣe, tí kì í fọ́ bí ti òjé. Ẹ sún mọ́ ẹran dáadáa, kí ẹ sì dúró títí yóò fi kọ ẹ̀gbẹ́ sí yín. Bó bá kọ àyà sí yín, tàbí tó ń rìn lọ, ẹ jẹ́ kó lọ.