"Àǹfààní aṣòfin" kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà bèèrè ohun tí a ó máa pe "legislative privilege" lédè Yorùbá, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí kóòtù fi tipátipá mú akọ̀wé tàbí olùrànlọ́wọ́ aṣòfin wá jẹ́rìí lórí iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn kan dábàá "àǹfààní aṣòfin", àwọn kan ní "àṣírí aṣòfin".

N ò fara mọ́ ìkankan. Ẹ sọ "àǹfààní aṣòfin" sétí ẹnikẹ́ni ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, mọ́tò olówó ńlá àti owó ilé ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. "Àṣírí" tilẹ̀ burú jù: gbangba ni ilé ń jókòó, àwọn oníròyìn ń gbọ́, wọ́n ń kọ ọ́. Òfin ò ní ká má gbọ́. Ohun tí òfin ẹ̀tọ́ ti ọdún 1689 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ni pé ọ̀rọ̀ àti àríyànjiyàn inú ilé, kóòtù kankan ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ tàbí bi í léèrè.

Ẹ wo ẹjọ́ Gravel ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1971, Sẹ́nétọ̀ Mike Gravel ti Alaska ka ìwé àṣírí ìjọba lórí ogun Vietnam síta níbi ìjókòó ìgbìmọ̀ kékeré tó ń darí. Ìjọba ní kí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ wá jẹ́rìí. Lọ́dún 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní ohun tí wọn ò bá lè bi aṣòfin, wọn ò lè bi olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ náà, bó bá ṣáà ti jẹ́ iṣẹ́ ilé ló bá a ṣe. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n bá ilé ìtẹ̀wé aládàáni ṣe láti tẹ ìwé náà? Ìyẹn ò sí lábẹ́ ààbò.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n dáàbò bò, kì í ṣe èèyàn. Ìdí tí mo fi mú "ààbò ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀" wá nìyẹn. "Ọ̀rọ̀" lẹ́nu wa ju ohun tí ẹnu sọ lọ, àlámọ̀rí náà wà nínú ẹ̀. Àkọsílẹ̀ akọ̀wé àti àbádòfin tó bá wọn kọ kò yọ sílẹ̀. Bí aṣòfin bá wá fi mọ́tò gbá èèyàn ní Tanke, tí dírẹ́bà rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ wo nìyẹn? Kí dírẹ́bà lọ jẹ́rìí jàre.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ká fi orúkọ kan náà pe ààbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n pe gómìnà lẹ́jọ́. Rárá o. Abala 308 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, gómìnà fúnra rẹ̀ ló bò, títí tó fi máa kúrò nípò. Àwọn aṣòfin 24 tó wà nílé ìgbìmọ̀ Kwara ò ní irú ẹ̀.

Ẹni tó bá ní "ìgbìmọ̀" lè dà pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè, kó fi "aṣòfin" kún un nígbà àkọ́kọ́ tó bá lò ó, kó gé e lẹ́yìn ìyẹn.

Ó wá ku ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ Gravel, aṣòfin ló ni ààbò yẹn, olùrànlọ́wọ́ kàn ń lò ó lórúkọ rẹ̀ ni. Bí aṣòfin bá wá ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, kí olùrànlọ́wọ́ máa sọ̀rọ̀ lọ, kí la ó pe ìyẹn? "Ìyọ̀ǹda" ló wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ó fúyẹ́ lójú mi. Ta ló ní èyí tó jù ú lọ?