Pákó ni kí n fi bo ògiri inú ilé mi ní Igbógbó, tàbí bọ́ọ̀dù jípísọ́ọ̀mù?

Oníbéèrè (Igbógbó, Ìkòròdú):
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ilé tí mo ń kọ́ ní Igbógbó ti kù díẹ̀ kí á kó wọ̀ ọ́. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ògiri rẹ̀, bíríkìlà sì ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gún, nítorí bí a bá tan iná lálẹ́, gbogbo gegele ara ògiri pálọ̀ ló máa ń hàn. Ìyàwó mi fẹ́ kí a fi pákó bo ògiri pálọ̀ àti ti yàrá wa, torí ó rí irú rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì wù ú. Àbúrò tèmi, tó ń ṣe POP, ní owó la fẹ́ fi ṣòfò, pé bọ́ọ̀dù jípísọ́ọ̀mù (jípísọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ sáàárín páálí méjì) tí àwọn òyìnbó ń pè ní drywall ni kí a lò. Ògiri pálọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ògiri yàrá wa fara ti bálùwẹ̀. Èwo ni kí n mú? N kò fẹ́ iṣẹ́ tí n ó tún máa tú lẹ́yìn òjò ọdún méjì.

Káfíńtà (Ìkòròdú):
Ẹ kú iṣẹ́ ilé, sà. Pákó ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ n kò ní torí ìyẹn tì yín sí i. Irú igi ni mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà, nítorí pákó kì í ṣe orúkọ igi kan. Ìrókò àti òpépé máa ń ta ko ikán, ṣùgbọ́n arère, tó fúyẹ́ tó sì rọrùn láti fá, oúnjẹ ikán ni. Ìrókò fúnra rẹ̀ pàápàá, àárín rẹ̀ tó pọ́n ni ikán kì í fẹ́. Apá funfun tó wà nítòsí èèpo, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kígbe pé ikán jẹ ìrókò òun, apá funfun yẹn ni wọ́n kó fún un. Bí ẹ bá lè dé Agbówá lọ́dọ̀ àwọn onísọ́mìlì, ẹ fi ojú ara yín wo igi náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan pákó tútù mọ́ ògiri fún yín. Bí ọ̀rinrin bá wọ pákó, ìbú rẹ̀ ló máa ń wú, bí ọyẹ́ bá dé, ìbú náà ló máa ń sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ẹ tò ó sínú pálọ̀ gan-an fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya wọ́n sọ́tọ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, lẹ́yìn náà kí káfíńtà yín kọ́kọ́ kan igi tí a ti fi oògùn ikán kùn mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí pákó má fara kan ògiri rárá.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan (Àgbádárìgì):
Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù lórí ọ̀rọ̀ yàrá tó fara ti bálùwẹ̀ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi nìyẹn. MDF, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀, ni wọ́n kàn sí tèmi, èmi sì rò pé pákó ni mo sanwó fún. Kí òjò ọdún kejì tó lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bu, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí á sùn. Ìgbà tí a tú u ni a tó rí i pé páìpù bálùwẹ̀ ló ń jò sínú búlọ́ọ̀kù láti ọjọ́ yìí wá. Bí jípísọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀, á ti rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá mi tún un ṣe ló kọ́ mi pé kí n gé láílọ́ọ̀nù kan ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó, kí n fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kí n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí omi bá sé sí inú láílọ́ọ̀nù níhà ògiri, ògiri ló ní omi nínú. Bí ó bá jẹ́ ìta rẹ̀ ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló kún fún ọ̀rinrin. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Oníṣẹ́ bọ́ọ̀dù (Ẹ̀pẹ́):
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wa ará Àgbádárìgì. Bọ́ọ̀dù kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, nítorí náà mẹ́rin yóò bo ògiri yín dé ẹsẹ̀ bàtà 8, a ó sì gé ìdajì ìkarùn-ún dí ẹsẹ̀ bàtà kan tó kù lókè. Gegele tí ẹ ń sọ kò ní hàn mọ́. Bí iná bá ṣẹlẹ̀, jípísọ́ọ̀mù máa ń dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, torí bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ omi tó dè mọ́ ọn, omi náà sì ní láti di ooru omi kí iná tó ráyè kọjá. Pákó kò ní irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà fún ibi tó lọ́rinrin, ọ̀rinrin ló lè fara dà, kì í ṣe páìpù tó ń jò. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ìdajì íǹṣì ga ju ilẹ̀ lọ, kí omi tí a fi ń nu ilé má baà fà sí i. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n yóò wà, kí ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín ṣáájú kí ó lè fi pákó líle sẹ́yìn rẹ̀, torí bọ́ọ̀dù nìkan kò lè gbé e.

Bíríkìlà (Ìkòròdú):
Ẹ má bínú sí mi o. Bí gegele nìkan ló ń dà yín láàmú, kí ló dé tí ẹ kò fi ha èyí tó yọ kúrò, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí èyí tó jìn, kí ẹ sì fi screeding, ìyẹn ohun rírọ̀ tí a ń fi pa ògiri kí ó lè dán, parí rẹ̀? Owó bọ́ọ̀dù àti irin tí a fi ń gbé e ró á kù sápò yín.

Oníbéèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lẹ láílọ́ọ̀nù mọ́ ògiri méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ti pálọ̀ gbẹ fúrúfúrú, ti yàrá ni omi sé sí níhà ògiri, nítorí náà pọ́ńbà ń bọ̀ wá fọ́ táìlì bálùwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, a kò sì ní bo ògiri yẹn títí yóò fi gbẹ. Ní pálọ̀, èmi àti ìyàwó mi ti fẹnu kò pé ìrókò ni a ó lò láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 3, kí bíríkìlà wá fi screeding ṣe òkè rẹ̀. Àbúrò mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Káfíńtà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pákó bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́?

Káfíńtà (Ìkòròdú):
Kò tó, sà. Ẹ jẹ́ kí ó lo oṣù kan, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ bí oòrùn bá ràn, kí ẹ sì tì í bí ojú ọjọ́ bá ṣú.